Ikọ́ Gbádégẹṣin Lórí Òkè

Ọdún kẹtàlá tí Gbádégẹṣin ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn ní Olúyọ̀lé, nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ adìẹ. Eruku ibẹ̀ ti wọ̀ ọ́ láyà. Ikọ́ rẹ̀ ló máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Bó bá ti húkọ́ nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ilé wọn ní Challenge báyìí, Adùnọlá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, á ti sáré lọ ṣílẹ̀kùn. Moróunkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ní kó lọ sí ọsibítù títí, ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Kò lọ.

Lẹ́yìn Kérésì ọdún 1986, ó kó wọn lọ sí ìlú rẹ̀ ní Òkè-Ògùn. Òkè àpáta kan wà níbẹ̀, nínú igbó ìjọba tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti dẹ̀gbẹ́. Bí ọdún bá ti dé, àwọn ará Ìbàdàn á gbé ìrẹsì sínú kúlà, wọ́n á wá gùn ún. Ìjọba fi ọ̀dà funfun sàmì sára òkúta kí èèyàn má baà ṣìnà. Gbádégẹṣin ní ọ̀dà wo? Ṣebí abẹ́ òkè yìí ni wọ́n bí òun sí.

Bí wọ́n ti ń gùn ún ló dá ọmọ dúró.

"Adùn, gbọ́. Lórí òkè yìí, bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ, má dáhùn o. Kì í ṣe èèyàn ló ń pè ọ́."

"Ta wá ni, Bàámi?"

"Ẹni tó bá dáhùn kì í padà wá sọ."

Moróunkẹ́ pòṣé. "Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀. Onítẹ̀bọmi bíi tiyín!"

"Bí wọ́n ṣe kọ́ àwa náà nìyẹn." Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó dùn mọ́ ọn bí ọmọ ṣe lajú sílẹ̀ tó ń wo ẹnu òun.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé orí òkè nígbà tí kùrukùru bolẹ̀. Gbádégẹṣin dúró, ó húkọ́. Nígbà tó gbójú sókè, ìyàwó nìkan ló rí.

"Adùn ńkọ́?"

"Ṣebí ọ̀dọ̀ yín ló wà?"

Ọ̀gbun wà lápá òsì wọn. Nígbà tí Gbádégẹṣin wà lọ́mọdé, ewúrẹ́ ìyá rẹ̀ jábọ́ síbẹ̀. Egungun ni wọ́n lọ kó.

Moróunkẹ́ figbe ta. "Adùnọlá! Adùnọlá o!" Sùlàímọ́nù, gáàdì igbó, gbọ́, ó sáré dé, òun náà ń pè. Òkè ń dá orúkọ náà padà fún wọn. Ọmọ ò dáhùn.

"Bó bá wà nítòsí, ì bá ti dáhùn," Sùlàímọ́nù wí. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ìsàlẹ̀ ọ̀gbun."

Gbádégẹṣin dá a dúró. "Ó lè máa gbọ́ wa. Èmi ni mo ní kó má dáhùn."

Moróunkẹ́ wò ó. Ì bá sàn kó bú u.

"Adùn, dáhùn! Èmi bàbá rẹ ni!"

Kẹ́kẹ́ pa. Ohun tó ń pe èèyàn lórí òkè, ṣé kò lè sọ bẹ́ẹ̀ náà ni? Gbádégẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri láàárín òkúta. Àyà rẹ̀ dí. Ó tẹ̀ba, ó gbọ́wọ́ lé àpáta, ikọ́ wá já lẹ́nu rẹ̀, bí ó ṣe máa ń já lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn ní Challenge.

"Bàámi?"

Ẹ̀yìn òkúta ńlá kan ni ohùn náà ti wá, kò tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí ọ̀gbun. Ọmọ náà lóṣòó, ó ti fi eyín di ọrùn aṣọ rẹ̀ mú tẹ́lẹ̀ kí ẹnu má baà ṣí.

"O ò gbọ́ wa ni?"

"Mo gbọ́. Wọ́n fi ohùn yín pè mí, wọ́n fi ti Màámi pè mí. Ṣùgbọ́n wọn ò mọ ikọ́ yín hú."

Sùlàímọ́nù rẹ́rìn-ín. Moróunkẹ́ ò rín. Ó pọn ọmọ, àgbà ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó ń tọ ọ̀dà funfun lọ sísàlẹ̀. Kò bojú wẹ̀yìn wo ọkọ rẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún tuntun, Gbádégẹṣin lọ sí ọsibítù. Oògùn jẹ́, ikọ́ náà lọ. Lọ́jọ́ tí àyà rẹ̀ kọ́kọ́ fúyẹ́, ó gun àtẹ̀gùn wọ́ọ́rọ́wọ́, ó kan ilẹ̀kùn.

"Adùn! Adùnọlá!"

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ náà dúró. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Gbádégẹṣin fọwọ́ ti ògiri. Ó fi tipátipá húkọ́.

Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Ojú kan ló yọ.