Táyà Kan Ṣoṣo Ló Ń Yí

Iwájú ilé wa ní Súrùlérè ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lára, nígbà tí mo wà ní kékeré. Bàbá mi fi jáàkì gbé ẹ̀yìn jíìpù wọn sókè, táyà ẹ̀yìn méjèèjì ò kan ilẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kí n fi ọwọ́ yí táyà ọ̀tún síwájú. Mo yí i. Táyà òsì, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn. Mo rò pé mo ti ba nǹkan jẹ́. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n wọ inú ọkọ̀, wọ́n tẹ bọ́tìnnì kan.

"Tún un yí."

Mo gbọ́ "kàà" lábẹ́ ọkọ̀. Táyà méjèèjì wá ń yí síwájú pọ̀ bí ìgbà tí irin kan ṣoṣo gún wọn pọ̀.

"Lọ́ọ̀kì nìyẹn," ni Bàbá wí. "Bí táyà kan bá rì sínú ẹrọ̀fọ̀, òun nìkan ni á máa yí lásán, èkejì á dúró máa wò ó. Tí o bá ti lọ́ọ̀kì wọn, wọ́n á jọ ṣiṣẹ́ ni."

Mi ò tíì kúrò lábẹ́ jíìpù yẹn láti ìgbà náà. N kò kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Mo ń tú dífù, ìyẹn ilé jíà tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, mo ń tò ó padà, títí ọwọ́ mi fi mọ bóòtù ibẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí ìyá wa kú, a ń gbé wọn lọ sí abúlé wa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Òjò ti rọ̀. Ọkọ̀ tó gbé òkú ò lè wọ ọ̀nà eléèpẹ̀, la bá gbé pósí sínú jíìpù Bàbá. Àbàtà kan wà kí ènìyàn tó dé abúlé. Ibẹ̀ la rì sí. Bàbá tẹ bọ́tìnnì lọ́ọ̀kì. Mo tẹ́tí, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Táyà kan ṣoṣo ló ń yí, ó ń fọ́n ẹrọ̀fọ̀ sára àwọn tó ń tì wá. Nígbẹ̀yìn, àwọn ọkùnrin gbé pósí sọ̀kalẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ gbé e lọ. Ní àárín àbàtà, ẹsẹ̀ ẹnì kan yọ̀, wọ́n sì ní láti sọ pósí kalẹ̀ sínú omi pupa yẹn kí wọ́n tó tún un gbé.

Bàbá ò wa ọkọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Bí ẹni tó wá kí wọn bá béèrè bí ìsìnkú ṣe lọ, èsì kan náà ni: "Táyà kan ló ń yí." Nígbà tí òjò ọdún kejì bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ wo sàréè. Mo pinnu pé ẹsẹ̀ wọn ò ní kan ẹrọ̀fọ̀ yẹn.

Ẹ̀rọ iná kékeré tó ń ti lọ́ọ̀kì wọlé ni omi ti pa. Mo ra àlòkù ní ọjà páàtì ọkọ̀ ní Múṣin. Àgbàrá àdúgbò wa pa òun náà. Mo wá sọ pé iná tó gẹ́ẹ́. Wáyà ni màá fi máa fà á, bíi hánbíréèkì. Ìka irin kan wà nínú dífù tí ìdí rẹ̀ yọ síta, òun ló ń ti òrùka eléyín wọlé, mílímítà méjìlá ló gbọ́dọ̀ rìn. Bí kò bá pé bẹ́ẹ̀, etí eyín nìkan ni yóò mú, eyín á sì máa jẹ ara wọn. Mo wá wáyà hánbíréèkì bọ́ọ̀sì kékeré kan. Wẹ́dà kan ní Múṣin jó ọ̀pá ìfà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìjókòó awakọ̀. Mo gbé wáyà jìnnà sí sàlẹ́ńsà, kí ooru má baà yọ́ rọ́bà rẹ̀, mo sì jẹ́ kó dẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn, torí pé dífù máa ń lọ sókè sódò nínú kòtò.

Àǹtí mi, àkọ́bí ilé wa, ló ń bá mi mú tọ́ọ̀ṣì.

"Àbúrò, ṣé jíìpù yìí ló máa bímọ fún wa ni? Abẹ́ rẹ̀ lo kúkú ń sùn."

"Ẹ gbé iná sápá ọ̀tún, Àǹtí mi."

"Mo ti gbé e. Ṣá má gbé bàbá mi lọ rì sínú ẹrọ̀fọ̀ o."

Mo fa ọ̀pá. Ìka irin rìn mílímítà méje, ó dúró. Mo fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Orí wáyà já.

Àǹtí mi pa tọ́ọ̀ṣì. "Fi sílẹ̀. Ìyá wa ò ní jí tìtorí wáyà."

Mo gbé ẹ̀rọ iná tó ti kú, mo fi òòlù fọ́ ọ. Inú ló ń bí mi, kì í ṣe pé mò ń wá nǹkan kan. Láàárín ìpẹtà ibẹ̀ ni mo ti rí sípíríǹgì kan tó ká jọ. Ìgbà yẹn ló yé mi. Ẹ̀rọ náà kò fi agbára ti ìka irin rí. Sípíríǹgì ló ń ká, sípíríǹgì á sì dúró títí eyín á fi kojú àlàfo, kó tó tì í wọlé. Èmi ń fi eyín gún eyín.

Mo ra wáyà tuntun, mo fi sípíríǹgì sáàárín òun àti ìka irin, mo sì fi òmíràn síbẹ̀ tí yóò máa dá ìka náà padà. A tún fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè níwájú ilé. Mo fa ọ̀pá, sípíríǹgì ká, kò tíì wọlé. Àǹtí mi rọra yí táyà.

"Kàà."

Bàbá tó jókòó ní fàráńdà gbé orí sókè. "Ó wọlé," ni wọ́n wí.

Nígbà tí a dé etí àbàtà, ọwọ́ mi ti wà lórí ọ̀pá.

"Dúró," ni Bàbá wí.

"Ẹ jókòó, Bàbá mi. Ó máa kọjá."

"Mo mọ̀ pé ó máa kọjá. Ìyá yín ò jókòó sínú ọkọ̀ kọjá ibí."

Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n kó o lé mi lọ́wọ́, wọ́n ká ṣòkòtò. Àǹtí mi sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀yìn, wọ́n di apá Bàbá mú. Àwọn méjèèjì wọ inú ẹrọ̀fọ̀.

Èmi nìkan ni mo wa ọkọ̀ kọjá. Táyà méjèèjì di ilẹ̀ mú, kò yọ̀ rárá. Mo dúró lókè ní òdìkejì, bàtà Bàbá wà lórí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nínú dígí, mo rí i pé wọn ò tíì rìn dé ìdajì. Bàbá ti dúró níbi tí wọ́n gbé sọ pósí kalẹ̀, wọ́n ń wo omi.

Kò sí ohun tí mo lè ṣe níbẹ̀. Mo mú rúlà, mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo wọn ibi tí ìka irin rìn dé. Mílímítà méjìlá. Ó pé.