Ajá tí Mo Pọ̀n Lọ sí Ìfọ́n

Inú ilé kan tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ adìyẹ ní Ìfọ́n ni dọ́kítà ẹran náà ti ń ṣiṣẹ́. Òórùn ibẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń wá sí mi nímú bí mo bá rántí ọjọ́ náà: òórùn àgbàdo lílọ̀ àti ẹja gbígbẹ tí wọ́n pò pọ̀ sínú àpò, òórùn oògùn tí wọ́n fi fọ ilẹ̀, àti òórùn ìgbẹ́ tó ń ṣàn lábẹ́ aṣọ mi láti ẹ̀yìn lọ sí ìdí, tó gbóná bí ẹ̀kọ mímu. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì, mo doríkodò. Ẹni tó bá wò mí yóò rò pé ìyá ọlọ́mọ ni mí, nítorí mo pọn nǹkan sẹ́yìn, mo sì fi ìborùn bò ó. Ajá ni mo pọ̀n.

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn kí àwọn ènìyàn máa wo òun. Láti kékeré ni ojú ti ń tì mí. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, kì í sì í ṣe pé orí mi kò pé. N kò lè dìde dáhùn ìbéèrè láàárín ọ̀pọ̀ ọmọ ni. Nígbà tí wọ́n gbé mi níyàwó láti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun wá sí Ìlobùú, ìdákẹ́jẹ́ yìí ni ìyá ọkọ mi fi ń yìn mí fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Wọ́n á ní, "Ìyàwó wa kò lẹ́nu." Ní ọjọ́ tí mo wọlé, wọ́n fún mi ní ọ̀já aláró kan tó ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Òun ni wọ́n fi pọn ọkọ mi nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Wọ́n ní kí n fi pọn ọmọ tèmi náà. Mo kúnlẹ̀, mo gbà á, mo tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ àpótí mi, ibẹ̀ ló sì wà títí di ọdún kẹta.

Èkó ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá wálé lóṣù yìí, ó lè má wá lóṣù tó ń bọ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e. Nígbà kan tó wá, ó mú ajá kékeré kan bọ̀, ajá onírun funfun tí kò ga ju orúnkún lọ. Bíngò ló pè é. Ilé mùsùlùmí ni ilé wọn, wọn kò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tí wọ́n fi ń kírun, nítorí náà ẹ̀yìnkùlé ló ń gbé, èmi ni mo sì ń bọ́ ọ. Ara rẹ̀ yá nígbà náà. Lẹ́yìn tí ìbọn ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín Ìlobùú àti Ìfọ́n dún ló yí padà. Bí ọ̀kadà bá ti dún gbàù lójú títì, abẹ́ àga tí mo bá jókòó lé ló ń sá sí, á máa gbọ̀n, á máa tọ̀ sára. Èmi náà bẹ̀rù ìbọn yẹn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí mo lè sá sí abẹ́ àga rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwa méjèèjì ṣe di ọ̀rẹ́.

Ìyàwó àbúrò ọkọ mi, tí wọ́n gbé wọlé lẹ́yìn mi, wá bí ọmọkùnrin. Ilé kún lọ́jọ́ ìkómọ. Mo fọ abọ́ títí ìka ọwọ́ mi fi hun jọ. Àwọn ọmọdé ń kó eegun àti ọ̀rá ẹran sọ sẹ́yìnkùlé fún Bíngò, ó sì ń jẹ ẹ́ bí ẹni pé òun náà wà lára àwọn tí wọ́n fìwé pè. Nígbà tí àlejò tú ká, ìyá ọkọ mi wọ yàrá mi, wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyàwó, ọ̀já yẹn dà?"

"Ó wà, Mà."

"Jẹ́ kí ìyá ìkókó máa lò ó ná. Kò dáa kí aṣọ ọmọ máa jókòó lásán. Tí tìẹ bá dé, a ó gbà á padà."

"Ẹ jẹ́ n fọ̀ ọ́, Mà, kí n mú un wá."

Ohùn wọn kò le rárá. Ká ní wọ́n bú mi ni, n bá sunkún, kí ó sì tán. Wọ́n tilẹ̀ fọwọ́ kàn mí léjìká kí wọ́n tó jáde, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń kí ẹni tí òkú kú fún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fọ ọ̀já náà, mo sá a sórí okùn. Nígbà tí mo padà lọ wò ó bóyá ó ti gbẹ, mo bá Bíngò nílẹ̀. Ó ti bì, ó ti yàgbẹ́ káàkiri, ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú ìgbẹ́ náà. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Mo bu omi síwájú rẹ̀, kò lè lá a. Mo pe ọkọ mi.

"Má jẹ́ kí ajá mi kú o!" Kò tilẹ̀ kí mi. "Dọ́kítà ẹran kan wà ní Ìfọ́n, níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ adìyẹ. Gbé e lọ kíá. Ohunkóhun kò gbọdọ̀ ṣe é o, mo sọ fún ẹ."

Ìyá ọkọ mi ti lọ sí Òṣogbo, ìyá ìkókó ń sùn. Mo so okùn mọ́ Bíngò lọ́rùn, mo fà á dé ojú títì. Ọlọ́kadà tí mo kọ́kọ́ dá dúró rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí, ẹsẹ̀ mẹ́rin lẹni yìí ní, ẹ jẹ́ kó rìn." Ibi tí èkejì ti ń béèrè pé bó bá bu òun jẹ ńkọ́ ni ọ̀kadà rẹ̀ ti dún gbàù. Ajá náà já okùn gbà lọ́wọ́ mi, ó sá padà sílé, ìgbẹ́ ń kán tẹ̀ lé e. Mo bá a lábẹ́ okùn tí mo sá aṣọ sí, ó ń gbọ̀n bí ewé. Mo gbé e mọ́ra, gbígbọ̀n náà rọlẹ̀. Mo gbé e sílẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí mo máa ṣe. Ọ̀já wà lókè orí mi, ó ti gbẹ. Mo tẹ̀ síwájú, mo gbé ajá sẹ́yìn, mo ró aṣọ mọ́ ọn, mo fi ọ̀já gbà á, mo fà á le, mo sì da ìborùn bo gbogbo rẹ̀. N kò pọn ọmọ tara mi rí, àmọ́ ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n ṣe.

Mo gba ẹ̀yìn ilé lọ sí oríta mìíràn. Ọlọ́kadà tó dúró níbẹ̀ kò yẹ̀ mí wò.

"Ìyá ìkókó, ẹ rọra gùn ún o. Ara ọmọ ò yá ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Inú?"

Mo ní inú ni.

"Eyín ló fẹ́ hù yẹn. Bó ṣe ṣe tèmi náà nìyẹn, a ò sùn."

Ó rọra ń wa ọ̀kadà náà, ó ń yẹ kòtò sílẹ̀, kò jẹ́ kó ké ju bó ti yẹ lọ. Láti ìgbà ìjà ilẹ̀ yẹn, ẹni tó bá ní ohun kan pàtó láti ṣe ní Ìfọ́n nìkan ló ń lọ, á sì tètè padà. Síbẹ̀ kò bi mí léèrè ohun tí mo ń wá lọ. Bíngò gbé àgbọ̀n lé mi láàárín ẹ̀yìn, mo ń gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù kì-kì-kì mọ́ egungun mi. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, ọkùnrin náà ní, "Ọlọ́run á dá a sí. Á dàgbà, á ṣe ọmọ fún yín." Mo ní, "Àmín." Kò sẹ́ni tó pè mí ní ìyá ìkókó rí. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, mo mọ ohun tó wà lẹ́yìn mi, síbẹ̀ àyà mi kún. Ó ṣe mí bíi kí ọ̀nà Ìfọ́n gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Obìnrin kan ti wà lórí bẹ́ńṣì kí n tó jókòó, ó wá ra oògùn fún àwọn adìyẹ rẹ̀. Àdúgbò ọkọ mi ló ń gbé, òun àti ìyá ọkọ mi jọ ń lọ sí àsàlátù ni. Mo dorí kodò kí ó má baà dá mi mọ̀. "Ẹ kú ọmọ o," ló kí mi. Mo dáhùn nínú ikùn. Dọ́kítà náà jáde, ọ̀dọ́kùnrin tínínrín kan, wọ́n rí ohun tó yọ lábẹ́ ìborùn mi.

"Ìyá, ọmọ yín yìí mà ní ìrù o."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ibi tí mo ti ń tú ọ̀já ni orí Bíngò ti yọ, obìnrin náà sì fò dìde bí ẹni tó jókòó lé ẹyin iná.

"Láhìláhà! Ajá lo pọ̀n? Kì í ṣe ọ̀já tí ìyá ọkọ rẹ ń sọ lánàá pé ti ọmọ tuntun ni nìyí?"

"Ajá ọkọ mi ni, Mà. Kò yá ni."

"Mo bi ọ́ bóyá ti ọkọ rẹ ni?"

Kò dúró gba oògùn adìyẹ mọ́. Dọ́kítà kò dá sí i, wọ́n na Bíngò sórí tábìlì. Nígbà tó rí abẹ́rẹ́, ó fẹ́ fò sílẹ̀. Mo di orí rẹ̀ mọ́ àyà, mo ń sọ̀rọ̀ sí i létí láìdákẹ́, èmi tí n kì í sọ̀rọ̀, títí ó fi jẹ́ kí wọ́n gún òun. Wọ́n so àpò omi kan kọ́ fèrèsé, wọ́n ń fi omi náà sí i lára díẹ̀díẹ̀. "Ọ̀rá àti eegun ló bà á nínú jẹ́," ni wọ́n wí. "Ẹ̀rù tó sì máa ń bà á kò jẹ́ kí inú rẹ̀ sinmi. Ká ní ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́, ì bá ti kú. Ẹ ṣe é dáadáa." N kò rántí ẹnì kankan tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé ọkọ.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí mo pọ̀n ọ́n padà sílé. Ìyá ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ti dé ilé ṣáájú mi. Wọn kò pariwo. Wọ́n dúró títí mo fi sọ ajá kalẹ̀, wọ́n wá mú igi, wọ́n fi igi náà gbé ọ̀já kúrò nílẹ̀.

"Ọ̀já tí mo ní kí o fún ọmọ, o fi pọn ajá. Kí lo fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà?"

Mo kúnlẹ̀, mo tẹjú mọ́ ilẹ̀. Ìyá ìkókó wà lẹ́yìn wọn, ó gbé ọmọ mọ́ra. Ó ní, "Màmá, bóyá ìyálé mi ò..." Wọ́n wò ó, ó sún sẹ́yìn. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bí mo bá ń kọjá, á yí ojú ọmọ sí ògiri.

Wọ́n pe ọkọ mi, wọ́n gbé fóònù sí sípíkà. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni, "Ajá ńkọ́?"

"Ajá wà láàyè," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ìyàwó rẹ pọ̀n ọ́n bí ọmọ lọ sí Ìfọ́n, pẹ̀lú ọ̀já tí mo fi pọn ìwọ."

Mo rò pé yóò sọ pé òun ló rán mi. Mo tẹ́tí, mo ń dúró dè é, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

"Mo ní kí o tọ́jú rẹ̀ ni," ló wí. "Ta ló ní kí o pọ̀n ọ́n?"

Wọn kò lé mi. Ó yẹ kí o mọ ìyẹn, nítorí wọ́n máa ń tẹnu mọ́ ọn fún ẹni tó bá béèrè. Wọ́n ní kí n lọ sinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá mi. Ṣùgbọ́n kí n tó di ẹrù mi tán, gbogbo àdúgbò ti mọ ìdí tí n kò fi lóyún. Obìnrin tó pọn ajá, ọmọ wo ni yóò gùn ún lẹ́yìn? Wọ́n fi ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ kan ṣàlàyé ọdún mẹ́ta tó ti kọjá kí n tó ṣe é. Kò sẹ́ni tó béèrè iye ìgbà tí ọkọ mi sùn nílé nínú ọdún mẹ́ta náà. Ìsinmi mi di oṣù, ó di ọdún, kò sẹ́ni tó wá mú mi.

Láìpẹ́ yìí, mo gbé aṣọ tí mo rán lọ fún oníbàárà kan ní Ìlobùú, ọ̀nà mi sì gba iwájú ilé wọn. Ọmọ ìgbà yẹn ti ń rìn. Ó di etí Bíngò mú, ó ń fà á, ajá náà sì na ara sílẹ̀, ó ti sanra, ọ̀kadà kọjá, kò tilẹ̀ gbé orí. Ìyá ọkọ mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́bàá wọn. Mo kúnlẹ̀.

"Ìyàwó! Ṣé dáadáa la wà? Bàbá ńkọ́?"

"A dúpẹ́, Mà."

"Ajá ọkọ rẹ rèé. Ó ti gbádùn pátápátá. Òun ló ń bá wa ṣeré pẹ̀lú ọmọ."

Wọ́n sọ ọ́ láìsí ẹ̀gàn kankan, bí ẹni tó ń fún àlejò ní ìròyìn ayọ̀. Mo ní Ọlọ́run á dá wọn sí, mo dìde, mo gbé aṣọ oníbàárà mi.

Tẹ́lẹ̀, mo máa ń sọ fún ara mi pé àìlẹ́nu mi ló kó bá mi, pé ká ní mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, n bá ṣì wà nílé ọkọ. N kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tí wọ́n ti ń retí ẹ̀bi lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ohunkóhun tí wọ́n bá bá lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n máa pè ní ẹ̀bi, ìbáà jẹ́ oore. Ohun ẹlẹ́mìí kan ṣoṣo ni mo gbà lọ́wọ́ ikú nínú ilé yẹn. Wọ́n mú òun, wọ́n sì fi èmi sílẹ̀.