Katakata Ìyá Àgbà Di Ti Fólìtì Méjìlá

Nínú gbogbo ẹbí wa ní Lomé, èmi ni mo mọ iná mànàmáná jù. Iná náà mọ̀ mí dáadáa: ó ti gbé mi ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ku ọdún kan kí n parí líséè, ilé ìwé girama wa, ni mo sá kúrò, àmọ́ ìwọ̀nba físíìsì tí mo gbọ́ kí n tó sá, òun ni mo fi ń da gbogbo ayé láàmú.

Ìyá àgbà ní oko àgbàdo ní Légbassito, ó sì ní katakata kan tí bàbá àgbà fi sílẹ̀. Bátìrì fólìtì mẹ́fà ló ń lò. Irú ẹ̀ ò sí lọ́jà mọ́, nítorí náà irin la fi ń yí i kó tó jí. Lọ́jọ́ kan, irin yẹn ta padà, ó gbá ìyá àgbà lápá. Ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó pe ọkùnrin kan tó ń ra irin àlòkù, ó ní tí katakata náà ò bá jí fúnra ẹ̀ títí ọ̀sán Sátidé, kó fọ́ ọ, kó máa kó o lọ. Òjò sì ti bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá kó o lọ, ọkọ́ nìkan ló kù tó máa fi ro oko yẹn, pẹ̀lú apá tó wú.

Láàárọ̀ Sátidé, mo fi ọ̀kadà mi gbé ọ̀gá rewáyà kan wá láti Hanoukopé. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń tú wáyà àtijọ́ yẹn bí ẹni tú irun, ó ń tò wọ́n sórí yẹ̀pẹ̀ bí wọ́n ṣe wà lára ẹ̀rọ. Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó yọ dáínámò tó ń rọ iná sí bátìrì, ó fi ọ́tánétọ̀ mọ́tò dípò ẹ̀, ó gbé bátìrì fólìtì méjìlá sí i. Sítátà tó ń jí ẹ̀rọ ni kò fọwọ́ kàn.

"Ọ̀gá, ẹ ẹ̀ pààrọ̀ sítátà ni? Mẹ́fà ni wọ́n kọ sí i lára. Ó máa jó."

"Ó máa sáré ni. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́ ló máa jó o."

"Ṣùgbọ́n físíìsì sọ pé..."

"Ṣé físíìsì yẹn náà ló ní kó o fi ilé ìwé sílẹ̀?"

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi di apá ẹ̀ mú.

Ọ̀gá wá fún mi ní nǹkan funfun kan bí àfọ́kù àwo, tó ní etí irin méjì. Ó ní kí n so ó mọ́ àárín wáyà tó lọ sí kọ́ìlì, èyí tó ń ta iná sí púlọ́ọ̀gì, kó lè dín iná kù. Mo rò ó wò. Agbára là ń wá, kí la tún fẹ́ dín? Mo jù ú sápò, mo so wáyà pọ̀ tààrà. Inú mi dùn pé mo gbọ́n ju ẹni tó ti wà nídìí iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí mi.

Ọ̀gá tẹ sítátà bí ẹni fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná, ó ti mọ́wọ́ kúrò. Katakata jí. Ó ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó kú. Oníirin, tó ti ti ọmọlanke ẹ̀ dé, gbé òòlù ẹ̀.

"Ìyá, ọ̀sán ti pọ́n."

"Dúró ná," ni ìyá àgbà wí. Ohùn ẹ̀ ti rẹlẹ̀.

Ọ̀gá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan kọ́ìlì, ó gbóná débi pé ó yọwọ́ kíá. Ó yíjú sí mi.

"Mú un wá."

"Kí ni, ọ̀gá?"

"Èyí tó wà lápò ẹ."

Mo mú un jáde, mo ti ń retí ìgbájú. Kò gbá mi. Ó fi aṣọ tútù bo kọ́ìlì títí ooru ẹ̀ fi rọlẹ̀, ó so nǹkan funfun náà síbi tó yẹ.

"Kọ́ìlì yìí ṣì jẹ́ ti mẹ́fà," ó ní. "O wá da méjìlá sí i lọ́fun."

Ó tán. Kò tún sọ̀rọ̀ mi mọ́. Títí dòní, mi ò tíì rí ẹni tó mọ iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kì í fi í halẹ̀. Èmi tí mi ò mọ̀ ọ́n, gbogbo àdúgbò wa ní Attiégou ló ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ọ̀gá ní kí ìyá àgbà wá tẹ sítátà fúnra ẹ̀. Ó fi ọwọ́ tó dáa tẹ̀ ẹ́, ó mọ́wọ́ kúrò. Katakata jí. A jẹun, a fọ àwo, kò kú. Ìyá àgbà gun orí àga katakata náà.

"Ìyá, ó ṣì lè kú lọ́la," ni oníirin wí. "Ẹ jẹ́ n fi nǹkan kún owó tí mo fẹ́ fi rà á."

"Sún ọmọlanke ẹ kúrò lọ́nà, mo fẹ́ kọjá."