Yìnyín Pupa Tí Àbúrò Mi Fẹ́ Mu

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ àbúrò mi o!

Ó ń gun òkè lókè òkun lónìí, omi ẹ̀ tán, ló bá fi fídíò pe èmi àti Mọ́mì ní Addo.

"Mọ́mì, ẹ wo yìnyín, ó pupa fòò! Wọ́n ní ewéko tín-ín-tín ló ń hù nínú ẹ̀. Mo ti kó o sígò, tó bá yọ́, màá mu ún."

Mọ́mì figbe bọnu. "Ìwọ tó wálé ní Kérésì, tó ń fi píọ̀ wọ́tà wẹ̀ torí pé omi bọ̀hóòlù wa láwọ̀? Dà á nù!"

"Èyí tó wà nínú ife ọwọ́ yín ńkọ́? Ṣebí òun náà pupa."

"Sóbò ni. Èmi ni mo sè é. Ta ló se tìẹ?"

Ó rọra dà á nù.

Ẹ̀yin ará Ajah, ta ló jàre? Ẹ rántí pé Mọ́mì máa ka kọ́mẹ́ǹtì yín o.