Ohùn Aago Mẹ́rin

Ọkọ àbúrò mi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí o bá kí i, á dáhùn. Bí o ò bá kí i, á máa tú kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà àlòkù ni iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn èyí tí ilé-iṣẹ́ bá ti tì sígun, tí ìdí wọn ti ń gbóná bí ààrò, ni yóò kó wálé, yóò fẹ́ eruku inú wọn dànù, yóò sì wá ohun tí wọ́n tún lè ṣe láyé. Onífíláàṣì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ohun kan tó fi ọdún méjì ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Fíláàṣì kékeré kan ni, kò ju àtàǹpàkò lọ. Ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Línọ́ọ̀sì ló kó sínú rẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, kó sì tún un ṣe bó ṣe wù ú. Bí o bá ki fíláàṣì náà bọ ìdí ògbólógbòó kọ̀ǹpútà, tí o so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tí o tan án, kò ní yọ ọ́ lẹ́nu pẹ̀lú ìbéèrè. Fíìmù, orin, rédíò, fọ́tò ẹbí, gbogbo rẹ̀ á yọ sójú kan, pẹ̀lú lẹ́tà gbàgà-gbàgà tí arúgbó lè rí.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí fún mi nígbà náà, "ṣe ló ń gbé gbogbo ara rẹ̀ mì sínú orí ẹ̀rọ. Bó bá ti gbé e mì tán, ẹ lè yọ fíláàṣì, ẹ̀rọ á ṣì máa bá iṣẹ́ lọ títí iná á fi lọ."

Mo ní, "Bí ẹni tó ti há ìwàásù sórí, tó wá pa ìwé dé."

Ó rẹ́rìn-ín. Kì í rẹ́rìn-ín púpọ̀.

Fíláàṣì kan wà tó ń pè ní ìyá. Ara ìyá yìí ló ti ń da gbogbo àwọn yòókù kọ. Àbúrò mi, ìyàwó rẹ̀, tíṣà ni. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló máa ń ti ilé-ìwé dé. Lọ́jọ́ kan tí ọkọ rẹ̀ ń dán ìgbohùnsílẹ̀ wò, ó ṣílẹ̀kùn wọlé, ó ní, "Mo ti dé o. Ta ló wà nílé?" Ohùn náà bọ́ sínú ẹ̀rọ. Ọkọ rẹ̀ bá fi í sára ìyá, ó ní kó máa sọ̀rọ̀ ní aago mẹ́rin lójoojúmọ́, kí òun lè mọ̀ bóyá aago inú ètò náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Nígbà tó rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, ó pa á rẹ́. Kí lẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń bẹ ní kíṣìnì fẹ́ fi ohùn ìyàwó ṣe?

Ọdún tó tẹ̀ lé e, àìsàn ọjọ́ mẹ́sàn-án mú àbúrò mi lọ.

Èmi ni mo ń darí ẹgbẹ́ aláàdúrà ìjọ wa. Ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ni mo sọ fún ọkọ àbúrò mi náà: òkú ò gbọ́, òkú ò mọ̀, ó ń sinmi títí di ọjọ́ àjíǹde. Ó ní, "Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ mo ti ń gbàgbé bí ohùn rẹ̀ ṣe rí." Ó tú gbogbo fóònù, ó tú gbogbo ẹ̀rọ tó ní. Fọ́tò pọ̀ bí erùpẹ̀, ohùn ò sí níbẹ̀. Ó ń tún un sọ ṣáá pé, "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi pa á rẹ́." Nígbà tí mo délé, èmi náà gbìyànjú láti rántí ohùn ọmọ ìyá mi. Kò wá. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Oṣù tó kọjá ni wọ́n ránṣẹ́ sí mi láti ilé kan pé kí n wá gbàdúrà. Arúgbó aránṣọ kan ló wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kọ iṣẹ́. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Mama aláàdúrà, òkú kan ti ń wọ ilé wa."

"Òkú ta ni?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n! Ká ní òkú ẹbí wa ni, à bá bẹ̀ ẹ́. Inú tẹlifíṣọ̀n ló ti ń sọ̀rọ̀, ní aago mẹ́rin. Nígbà tí màmá ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, pípa ni a máa ń pa á lọ́sàn-án, a ò gbọ́ nǹkan kan. Látìgbà tí wọ́n ti dùbúlẹ̀ tá à ń fi í sílẹ̀ kó máa tàn ló ti bẹ̀rẹ̀. Níjẹta mo yọ fíláàṣì ìdí rẹ̀, mo fi òkúta lọ̀ ọ́ kúnná, mo da kẹrosíìnì sí i, mo ṣáná sí i."

"Ó wá parí?"

"Ó parí kẹ̀! Aago mẹ́rin lù, ó tún sọ̀rọ̀."

"Ẹ ò ṣe fa wáyà rẹ̀ yọ?"

Ó wò mí látòkèdélẹ̀. "Ẹ̀yin ẹ lọ fà á."

Yàrá náà mọ́ tónítóní. Maṣíìnì ìránṣọ wà lábẹ́ aṣọ funfun. Kọ̀ǹpútà dúdú kan wà nísàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n, iná aláwọ̀ ewé ń tàn lójú rẹ̀, ó ń ṣẹ́jú bí iná ilé ṣe ń ṣẹ́jú lọ́jọ́ náà.

"Ṣé ẹ wá lé àlejò mi ni?" arúgbó náà bi mí. "Ìyàwó ọmọ mi yìí, ó ń bẹ̀rù ẹ̀rọ. Kò bẹ̀rù èmi ìyá ọkọ rẹ̀ rí, ẹ̀rọ ló ń bẹ̀rù."

Mo ṣí Bíbélì. Mi ò tíì ka ẹsẹ kan tán tí ojú tẹlifíṣọ̀n fi là.

"Mo ti dé o. Ta ló wà nílé?"

"Èmi ni," arúgbó náà dáhùn. "Máa bọ̀, ọmọ mi."

Mo pa Bíbélì dé. Ọmọ tí mo pọ̀n dàgbà ló sọ̀rọ̀ yẹn. Mo jáde síta, mo pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù. Mo sọ ohun tí mo gbọ́ àti ilé tí mo wà fún un.

"Arúgbó aránṣọ," ó ní. "Òun ni mo kọ́kọ́ ṣe fíláàṣì fún, kí n tó pa ohùn náà rẹ́ lára ìyá. Mo gbàgbé pátápátá. Níbo ni fíláàṣì náà wà?"

"Wọ́n ti sun ún."

"Ẹ̀rọ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti pa á rí látìgbà náà?"

"Wọn ò pa á. Àmọ́ iná ń ṣẹ́jú."

"Ẹ̀gbọ́n, orí ẹ̀rọ yẹn nìkan ló kù sí. Bí iná bá lọ, ó lọ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbàdúrà. Mo ń bọ̀."

Mo padà wọlé, mo kúnlẹ̀. Èmi tí wọ́n pè láti wá lé ohùn náà jáde ni mo wá ń bẹ Ọlọ́run kó má jẹ̀ẹ́ kó lọ. Irú àdúrà wo nìyẹn? Iná rẹ̀wẹ̀sì, ó pọ́n bí ojú abínú, ó tún mọ́lẹ̀. Ilé ọ̀ọ́kán ṣókùnkùn. Tiwa ò lọ.

Onífíláàṣì dé pẹ̀lú òógùn, bàtà rẹ̀ ò bára mu. Ó ki fíláàṣì òfìfo bọ ìdí ẹ̀rọ, ó tẹ nǹkan lórí kíbọ́ọ̀dù, lẹ́tà funfun ń sáré lójú dúdú. Kò tó ìṣẹ́jú kan.

"Ó ti wọlé," ó ní, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó gbé e sórí fóònù rẹ̀, ó fi sétí. Èémí méjì péré, ó tán. Ó fi ọwọ́ bojú sunkún.

Ìyàwó ilé dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. "Ẹ dárí jì mí o. Mi ò mọ̀ pé ìyàwó yín ni mo ń da kẹrosíìnì sí."

Ó rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún. Ó ní òun á ṣe fíláàṣì tuntun fún màmá, pé òun fẹ́ pa ẹ̀rọ náà ná. Ó na ìka sí bọ́tìnì.

"Ibẹ̀ yẹn nìkan lẹ mú?" arúgbó náà bi í. "Ìyókù ńkọ́?"

"Ìyókù wo, mama? Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí òmíràn."

"Èyí tá a máa ń sọ lẹ́yìn tí mo bá dá a lóhùn. Ibí yìí ló máa ń jókòó sí." Ó na ọwọ́ sí ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀, níbi tí aṣọ ibùsùn ti tẹ̀ wọnú. "Lánàá, ó béèrè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ní ṣé Pẹ́pẹ́yẹ òun ṣì ń fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ rìn."

Ọkọ àbúrò mi wò mí, kò yé e. Kò lè yé e. Kò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni àbúrò mi nígbà tó sọ mí ní Pẹ́pẹ́yẹ. Ìyá wa nìkan ló tún mọ̀ ọ́n, ìyá wa sì ti kú.

Mo mọ̀ pé arúgbó a máa sọ ohun tí kò sí. Mo mọ̀ pé èémí méjì péré ló wà nínú ẹ̀rọ náà. Mo mọ ohun tí mo ti sọ létí sàréè fún ogún ọdún, mo sì gbà á gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnì, "ṣé kí n pa á?"

Mo wo ibi tí aṣọ ibùsùn ti tẹ̀.

Mo ní, "Fi í sílẹ̀."