Etí Pèpéle

Bí mo bá ti gbọ́ tí ẹnìkan pariwo "Ó tó!" sí dírẹ́bà tó ń fẹ̀yìn rìn, bàbá bíríkìlà wa ni mo máa ń rántí. Àwọn ni wọ́n kọ́ pèpéle kọnkéré tí tírélà ń fẹ̀yìn sún mọ́ láti kó ẹrù nílé iṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ wa l'Ádégbàyí, àwọn náà ni wọ́n ń tún un ṣe.

Àpò tútù ni wọ́n fi ń bo kọnkéré tuntun, wọn á máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́.

"Ọmọ tuntun ni. Ẹ má jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́."

Etí pèpéle náà ni tírélà máa ń fọ́, nítorí náà wọ́n kan táyà àlòkù mọ́ ọn. Àwọn tó ń fi táyà sun pọ̀nmọ́ wá tú u lọ, lẹ́yìn tí bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ tún etí náà ṣe. A ní ká wá òmíràn. Bàbá kọ̀, wọ́n ní ọwọ́ àwọn á ṣe iṣẹ́ táyà. Wọ́n ṣì ń bí mi nínú títí dòní: ta ló ń fi ara rẹ̀ ṣe táyà?

Bí tírélà kan ṣe ń fẹ̀yìn bọ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n dúró láàárín òun àti pèpéle, wọ́n gbé ọwọ́ lé etí rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kúrò níbẹ̀!"

"Má yọ mí lẹ́nu, ọmọ mi. Dírẹ́bà, máa bọ̀, máa bọ̀. Ó tó! Ó tó o!"

Ariwo ẹ́ńjìnnì kò jẹ́ kí dírẹ́bà gbọ́.

Etí pèpéle kò fọ́. Omi tí wọ́n pọn sílẹ̀ láti wọ́n sí i lálẹ́ ọjọ́ náà la fi fọ ẹ̀jẹ̀ wọn kúrò lára rẹ̀.