Ìkúnlẹ̀ Níwájú Kámẹ́rà

Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i, ẹnì kankan ò ròyìn rẹ̀ fún mi. Àwọn tí a jọ ń gbélé ní Ìpọ̀nrí ti sọ ọ́ títí ó fi di nǹkan mìíràn. Àwọn kan ní mo pariwo mọ́ àwọn tó fẹ́ gba ọmọ mi síṣẹ́. Àwọn kan ní mo já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ìkankan nínú wọn tó wà nínú yàrá. Èmi wà níbẹ̀, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, mi ò sì mutí.

Ọmọ mi obìnrin, àkọ́bí mi, ti jáde yunifásítì, ó ti ṣe àgùnbánirọ̀, síbẹ̀ ó ń bá ìyá rẹ̀ ta bọ́tìnnì ní Tẹjúoṣó. Ìgbà tí iléeṣẹ́ ńlá kan wá pè é fún ìntáfíù, wọ́n ní kó má wulẹ̀ wá, orí fóònù ni àwọn ti máa rí i, lójúkojú. Mo ní kó fi í sílẹ̀ fún mi.

Káfíńtà ni mí, ní Mùṣín. Mi ò kàwé kọjá ìwé kẹrin, ṣùgbọ́n àwọn tó kàwé, orí àga mi ni wọ́n ń jókòó sí. Mo kan àga kan fún un, ẹ̀yìn rẹ̀ gún, mo fi aṣọ búlúù bò ó. Mo kan pákó tí fóònù máa dúró lé, kó ṣe déédéé ojú rẹ̀. Mo fi sánpépà ha á títí eṣinṣin ò fi lè dúró lé e. Mo lọ bá ọkùnrin tó ń lọ ata ládùúgbò wa, mo ní kó má tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ títí di ọ̀sán lọ́jọ́ ìntáfíù. Ó gbà, torí èmi ni mo tún ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe.

Ó wá ku ẹ̀kọ́. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì bí ọ̀gá, mo ní kó kí mi. Ó jókòó, ó ní, “Gúùdù mọ́nìn, sà.”

“Dìde. Ta ló ń jókòó kí àgbà?”

“Dádì, orí fídíò ni.”

“Ṣé àgbà kì í sí lórí fídíò ni?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀. Ó ní kí n wo inú fóònù. Ẹ̀yìn àga nìkan ló wà níbẹ̀.

“Ẹ wò ó, Dádì. Àga yín ni wọ́n máa gbà síṣẹ́.”

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo ní kó kọ́kọ́ kúnlẹ̀, kó tó wá jókòó. Ó ní, “Mo ti gbọ́, sà.” Nínú ilé mi, ẹni tó bá ní òun ti gbọ́, ó máa ṣe é ni.

Nígbà tó di ọjọ́ náà, ó ní kí n máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mi ò lọ. Ó wá bẹ̀ mí pé kí n dúró níbi tí kámẹ́rà ò ti ní rí mi, kí n má dún. Àwọn mẹ́ta ló yọ nínú fóònù, ọkùnrin méjì àti ìyá kan tí orí rẹ̀ ti funfun. Ìyá yẹn lè bí èmi gan-an. Ọmọ mi kí i lórí ìjókòó.

Mo nawọ́ sílẹ̀, mo fi ilẹ̀ hàn án. Ó wò mí fìrí, ó gbójú padà. Òyìnbó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ, mo sì ń yangàn nínú ara mi, ṣùgbọ́n ìkíni yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Mo tún fi ilẹ̀ hàn án. Ó wò mí, ọ̀rọ̀ há sí i lẹ́nu. Ìyá yẹn wá bi í bóyá ẹnì kan wà pẹ̀lú rẹ̀ tó ń kọ́ ọ lóhun tó máa sọ. Òyìnbó yẹn ò le ju ohun tí mo lè gbọ́ lọ.

“Nó, mà,” ni ọmọ mi wí.

Èmi? Nínú ilé tí mò ń sanwó rẹ̀? Mi ò fara pamọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Mo jáde, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, mo tẹrí ba.

“Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni bàbá rẹ̀. Ó mọ ìkúnlẹ̀ dáadáa o, mà, ẹ má bínú.”

Ìyá yẹn rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fi Yorùbá dá mi lóhùn: “A dúpẹ́, bàbá. Ẹ kú àbójútó ọmọ.” Inú mi dùn, mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ti gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi, fóònù ṣókùnkùn.

Ọmọ mi ò dìde. Ó ní, “Dádì, mo ti sọ fún wọn pé kò sẹ́nì kankan níbí.”

“Mo gbọ́. Kí ló dé tó o fi parọ́?”

“Torí yín ni.”

Wọn ò gbà á. Ohun tí bàbá ń ṣe ni mo ṣe, bí ìyá yẹn bá sì tún yọ lónìí, màá kí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń ha igi ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó sọ yẹn ni mò ń gbọ́ lábẹ́ sánpépà. Ọmọ mi ti padà sídìí bọ́tìnnì. Láràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ kí mi, orúnkún méjèèjì a kanlẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ, kí n sì tó dáhùn, ó ti jáde.

Ohun méjì ló sọnù: iṣẹ́ kan, àti ẹ̀rín tó máa ń bá mi rín. Àga náà ṣì wà.